Àpótí Tí Kò Gbọdọ̀ Kúrò ní Ọ̀wọ̀

Agogo méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ní Ọ̀wọ̀, agogo mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́dọ̀ mi, ní òwúrọ̀ Sátidé kan nínú oṣù kẹta. Ènìyàn mẹ́ta ló wà nínú ilé mi ní Ọ̀wọ̀: Rónkẹ́, àbúrò ìyàwó mi tó ti di olóògbé, Ìyá Iyere, àbúrò bàbá wọn obìnrin, àgbẹ̀ tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, àti awakọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Sàká, òun ló gbé pikọ́ọ̀pù wá. Èmi ni ẹnì kẹrin. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi ní ìlú òyìnbó, mo wọ ẹ̀wù òtútù, mo di fóònù mú.

À ń kó ilé mi lọ́jọ́ náà. Onílé ti ta ilé, ó ní kí ẹrù mi jáde kí oṣù tó parí. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi gbé ibẹ̀. Inú ilé yẹn ni ìyàwó mi ti jáde lọ sí ilé ìwòsàn tí kò padà wá mọ́. Gbogbo ẹrù náà ń lọ sí ilé bàbá mi ní Imoru, ẹ̀gbọ́n mi yóò sì gbà á níbẹ̀.

Rónkẹ́ ń gbé fóònù káàkiri kí n lè rí ohun gbogbo. Mo rí fíríìjì, mo rí àga, mo rí páálí abọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni mo jí wò. Àpótí ìyàwó mi ni mo fẹ́ rí, nítorí ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti ń fura.

Mi ò ní sọ bí mo ṣe rìnrìn-àjò dé ibí. Àwọn tó rìn ín pọ̀, wọ́n sì mọ ọ̀rọ̀ sọ jù mí lọ. Ọmọ àgbẹ̀ Imoru ni mí. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mí kí n tó jáde ìwé mẹ́wàá; àwọn tí a jọ jókòó ní kíláàsì ń pè mí ní bùọ̀dá. Lẹ́yìn náà wọ́n fi mí sí ìdí sítọ́ọ̀ ilé-ìwé ìjọba kan ní Ọ̀wọ̀, mo sì pẹ́ níbẹ̀. Iṣẹ́ sítọ́ọ̀ kọ́ mi pé ohun tí mi ò bá fi ojú mi rí, kò tíì sí. Bí wọ́n bá ní àga ogójì ló wà nínú gbọ̀ngàn, èmi yóò dìde lọ kà á.

Ṣùgbọ́n bàbá mi ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àká iṣu wà ní gbangba nínú oko wa, ẹni tó ń kọjá lè na ọwọ́ sí i. Nítorí náà, àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní bí ó ṣe ń di okùn iṣu tirẹ̀ mọ́ igi àká. Ti bàbá mi, a máa yí okùn po lẹ́ẹ̀mẹta, a ó gba orí rẹ̀ kọjá lábẹ́, a ó wá fi ìdí rẹ̀ pamọ́ sínú. Ẹni tó bá tú u kò lè dì í padà bí ó ṣe wà. Bàbá mi kì í ka iṣu. Ìdì okùn ló máa ń wò.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ní ìlú yìí kì í ṣe òtútù. Ìdákẹ́jẹ́ ni. Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́ mo kí ọkùnrin tó ń gbé yàrá kejì, ó wò mí bí ẹni pé mo tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú bọ́ọ̀sì, obìnrin kan fa báàgì rẹ̀ mọ́ra nígbà tí mo jókòó tì í. Mi ò bínú sí i. Èmi náà a máa fa báàgì mi mọ́ra ní gáréèjì. Ohun tó kàn yà mí lẹ́nu ni pé èmi ni wọ́n ń fà á mọ́ra fún.

Iṣẹ́ mi ni láti tọ́jú arúgbó nínú ilé wọn. Mo ń wẹ̀ fún wọn, mo ń fún wọn lóúnjẹ àti oògùn. Ọ̀kan nínú wọn ni ìyá kan tó ń jẹ́ Dórótì. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan bàtà rẹ̀. Àwọn obìnrin òyìnbó tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló ń wọ̀ ọ́ fún un. Ní ọjọ́ kan, kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀, mo sì ti ń múra láti lọ, ó na ẹsẹ̀ sí mi láì sọ̀rọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo wọ bàtà fún un, mo so okùn rẹ̀. Lọ́jọ́ náà mi ò wọ bọ́ọ̀sì. Mo fi ẹsẹ̀ rìn délé, mo sì ń rẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà bí aṣiwèrè. Nígbà tí mo délé, mi ò rí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún. Ìyàwó mi ì bá ti bi mí pé irú bàtà wo ni.

Ó yẹ kí n sọ ọ̀rọ̀ àpótí náà. Ní ìdílé ìyàwó mi, ọkọ kì í ṣí àpótí aya rẹ̀ tó kú. Àwọn obìnrin ilé bàbá rẹ̀ ló ń ṣí i. Ọkọ yóò wọ aṣọ tó dára, yóò jókòó, yóò gbé kọ́kọ́rọ́ lé wọn lọ́wọ́. Wọn yóò máa fa aṣọ yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn yóò tẹ́ ẹ sílẹ̀ lójú rẹ̀, wọn yóò sọ ọjọ́ tí olóògbé wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà wọn yóò pín in, wọn yóò fi ọ̀kan sílẹ̀ fún ọkọ. Ìgbà yẹn ni gbogbo ilé tó gbà pé obìnrin náà ti lọ. Títí di ọjọ́ náà, àpótí rẹ̀ kò gbọdọ̀ kúrò ní Ọ̀wọ̀.

Ìyàwó mi máa ń hun aṣọ. Òfì rẹ̀ dúró ti ògiri yàrá wa, òfì gíga tí àwọn obìnrin Ọ̀wọ̀ ń lò. Ohun tó hun fún ara rẹ̀ kún inú àpótí náà.

Mo sún ọjọ́ náà síwájú. Mo ní kí Ìbùkún, ọmọ wa, parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Àkúrẹ́ ná. Ó parí. Mo ní kí òjò dá. Òjò dá. Nígbà tí mo ń bọ̀ ní ìlú òyìnbó, mo ti àpótí náà pa, mo fi okùn dì í ní ìdì bàbá mi, mo sì fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Rónkẹ́ wà níbẹ̀. Ó wo ọwọ́ mi títí tí kọ́kọ́rọ́ fi wọ àpò. Mo rò nínú mi pé ó ń ṣọ́ ibi tí mo fi sí.

Nígbà tí onílé fún mi ní ìkìlọ̀, ilé Dórótì náà ni wọ́n ń dì. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti pinnu láti gbé e lọ sí ilé àwọn arúgbó. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wá láti ìlú mìíràn, ó ń lẹ ìwé pélébé mọ́ ẹrù: pupa fún ohun tó ń lọ, búlúù fún ohun tí wọ́n fẹ́ tà, yẹ́lò fún ohun tí wọn yóò jù nù. Mo fẹ́ràn ètò yẹn. Mo ní kí Rónkẹ́ ra òwú mẹ́ta: pupa fún ohun tó ń lọ sí Imoru, funfun fún ohun tí a ó fi tọrẹ, dúdú fún ohun tí a ó jù nù.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá Ìbùkún, ṣé ẹrù la fẹ́ kó, àbí ẹ fẹ́ sọ ọ́ lórúkọ?"

Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé eléwé ogójì, mo fún ẹrù kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, mo sì ń kà á fún un lórí fóònù ní ìrọ̀lẹ́. Mo ní kí ó fi ìwé ìròyìn wé abọ́, kí ó tò ó ní ìdúró, kí ó má tò ó lé ara wọn. Mo ní kí ó tú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, kí ó kó àwọn nọ́ọ̀tù rẹ̀ sínú ọ̀rá, kí ó so ọ̀rá náà mọ́ igi bẹ́ẹ̀dì gan-an, nítorí ibẹ̀ ni ẹrù ti ń sọnù. Mo ní òfì kò gbọdọ̀ wà lábẹ́ ohunkóhun. Ó ń dáhùn pé òun ti gbọ́. Nígbà tí mo dé nọ́ńbà kejìlá, mo ní àpótí, òwú pupa.

Ó ní kí n jẹ́ kí ìyẹn dúró lọ́dọ̀ òun.

Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní mo mọ ìdí rẹ̀, wọn kò tíì ṣí i. Mo ní àpótí tó wà nínú ilé mi, ilé mi ni yóò bá lọ. Ó tún ní òun ti gbọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ó ń fi àwòrán ẹrù gbogbo ránṣẹ́ sí mi, kò fi ti àpótí ránṣẹ́ rárá. Mo bi í lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà kan ó ní iná ò sí, ìgbà kejì ó ní yàrá ṣókùnkùn. Mo kọ ìdáhùn méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà kejìlá.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ tó ṣáájú Sátidé yẹn, síbí fàdákà kan sọnù nílé Dórótì. Ọmọ rẹ̀ wá a títí. Lẹ́yìn náà ó wá bá mi pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́, ó ní kí n má bínú, gbogbo ènìyàn ni òun ń bi. Èmi nìkan ló wà níbẹ̀. Ó ní ṣé mo lè ṣí báàgì mi. Mo ṣí i. Ìrẹsì mi wà níbẹ̀, agbòjò, Bíbélì, àti ànkáṣíìfù tí mo di kọ́kọ́rọ́ sí. Ó tú ànkáṣíìfù náà fúnra rẹ̀. Ó bi mí pé kí ni kọ́kọ́rọ́ yìí ń ṣí. Mo ní àpótí ìyàwó mi. Ó ní níbo ni ìyàwó mi wà. Mo ní ó ti kú. Ó dá a padà kíákíá, bí ẹni pé ó gbóná mọ́ ọn lọ́wọ́.

Nígbà tó yá, ó tú ìkòkò tíì kan tí òun fúnra rẹ̀ ti fi ìwé wé. Síbí wà nínú rẹ̀. Ó ní, "Ibí ló wà." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dórótì, tó jókòó sórí àga láti àárọ̀, ń wo bàtà rẹ̀.

Ojú tí obìnrin yẹn fi wò mí ni mo gbé jí ní òwúrọ̀ Sátidé. Mi ò mọ̀ pé mo gbé e.

Wọ́n di ẹrù dáadáa. N kò lè purọ́ mọ́ Rónkẹ́. Òwú pupa wà lára ohun tó yẹ kó wà, òfì ló kẹ́yìn tó wọ ọkọ̀, wọ́n sì fi mátíráàsì tì í. Mo ń fi bírò mi fa ìlà sí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó ku àpótí, Rónkẹ́ ní ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbálẹ̀. Mo ní ká gbé àpótí ná.

Nígbà tí mo fẹ́ kúrò ní Ọ̀wọ̀, ọkùnrin méjì ló bá mi sún àpótí yẹn, wọ́n sì sinmi lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ yìí, Sàká nìkan ló wọlé, ó gbé e jáde ní apá kan bí agbọ̀n òfìfo.

"Dúró," ni mo wí. "Ẹ gbé fóònù súnmọ́ okùn yẹn."

Rónkẹ́ kò mira. Ìyá Iyere ló gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e súnmọ́ títí mo fi rí irun ara okùn. Okùn mi ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdì mi. Kókó méjì lásán ni, bí ẹni di àpò gààrí.

"Rónkẹ́, ta ló tú u?"

Ìyá Iyere ló fèsì. Èdè Ọ̀wọ̀ ló sọ. Yorùbá tí gbogbo wa mọ̀ ni mo fi kọ ọ́. "Ọkọ ọmọ mi, ojú rẹ mà dára o. O wà ní ìlú òyìnbó, ò ń rí kókó okùn ní Ọ̀wọ̀. Ìgbà tí a ránṣẹ́ sí ọ lẹ́ẹ̀mẹrin pé kí o wá jókòó ká ṣí àpótí ọmọ wa, ojú yẹn ò ríran nígbà náà?"

Sàká ní ní tòun, ẹrù tí ò wúwo, ọpẹ́ ni, nítorí táyà òun. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, Rónkẹ́ ni mo bi." Ìgbà náà ni mo sọ ohun tí mo sọ. "Bí o bá ti pín in, sọ fún mi. Má jẹ́ kí n gbé àpótí òfìfo lọ sílé bàbá mi."

Ó wò mí. Mo rí ojú rẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà fóònù kú.

Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹta, kò gbé e. Mo pe Ìbùkún ní Àkúrẹ́. Mo bi í bóyá ó mọ nǹkan kan nípa àpótí ìyá rẹ̀. Ó ní, "Dádì, ẹ pe Àǹtí Rónkẹ́." Mo ní Àǹtí Rónkẹ́ kò gbé e. Ó ní, "Ẹ máa pè wọ́n." Mo wá gbà pé wọ́n ti jọ mọ̀ ọ́n, gbogbo wọn, èmi nìkan ni àjèjì.

Mo jókòó pẹ̀lú ìwé eléwé ogójì náà lórí orúnkún mi. Níbí, ọwọ́ mi ni wọ́n ń wò. Ní ilé, èmi ni mò ń wo ọwọ́ ẹlòmíràn. Ẹni tó bá ti kúrò nílé, ọwọ́ ẹlòmíràn ni ilé rẹ̀ wà. Kò ní ju kí ó gbà á gbọ́ tàbí kí ó má gbà á gbọ́ lọ, nítorí kò lè dìde lọ kà á. Mi ò tíì rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ ohun tí mo sọ ní òwúrọ̀, mo sì gbọ́ ohùn obìnrin síbí nínú rẹ̀. Òun kàn fi pẹ̀lẹ́ sọ tirẹ̀ ni.

Rónkẹ́ pè mí ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tiwọn. Ó ní ẹrù ti dé Imoru, ẹ̀gbọ́n mi ti gbà á, kò sí ohun tó fọ́. Àpótí nìkan ló kù. Inú yàrá òfìfo ló dúró sí. Ó gbé fóònù sí igun tí àpótí náà máa ń wà. Ìlà amọ̀ pupa gun ògiri láti ilẹ̀, ó gbòòrò tó ọwọ́ ènìyàn. Lẹ́yìn náà ó dojú àpótí bolẹ̀. Àpótí náà kò ní ìdí. Ikán ti jẹ ẹ́, ohun tó kù ní etí rẹ̀ rí bí kànìnkànìn. Níwájú rẹ̀, àgádágodo mi ṣì wà ní títì.

Ó ní ní àkókò òjò tó kọjá, òun wá gbálẹ̀, òun rí amọ̀ náà. Òun gbé àpótí, pákó ìdí rẹ̀ sì dúró sílẹ̀ pẹ̀lú aṣọ lórí. Òun tú okùn, òun kó aṣọ jáde láti ìsàlẹ̀, òun sá a fún ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ilé òun, òun sì fi kánfọ̀ sí i. Inú àpò ńlá kan ló wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì òun. Mẹ́rin ti bàjẹ́. Òun kò jù wọ́n nù. Òun gbé àpótí lórí bíríkì, òun sì di okùn padà.

"Mo gbìyànjú láti dì í bí ẹ ṣe dì í," ló wí. "Mi ò mọ̀ ọ́n."

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi láti ìgbà náà.

"Ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ lọ níṣojú mi, Bàbá Ìbùkún. Ẹni tó gbé kọ́kọ́rọ́ lọ níṣojú ènìyàn, kí ni ènìyàn fẹ́ sọ fún un? Bí mo bá ní ikán ni, ẹ̀yin ó ní ikán ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni."

Òótọ́ ni. Ohun tí mo máa sọ gan-an nìyẹn.

Ó ní ìdí tí òun fi fẹ́ kí àpótí dúró ni pé bí ó bá dé Imoru, tí ẹ̀gbọ́n mi sì rí i pé òfìfo ni, kò sí ẹni tí yóò wo ìdí rẹ̀. Wọn yóò kàn sọ pé àwọn àna jà mí lólè. Ó ní òun ti sọ fún Ìbùkún, òun sì ní kó má sọ, pé òun ni yóò sọ ọ́ fún mi lójúkojú. Láti àkókò òjò yẹn ni òun ti ń retí ojú náà.

"Ṣé o ti wò wọ́n?" ni mo bi í. "Àwọn aṣọ náà."

"Ní kíká ni mo sá wọn. Mo ń yí wọn padà, mi ò tẹ́ ìkankan. Ọjọ́ tí a bá tẹ́ wọn, ẹ gbọ́dọ̀ jókòó."

Mo ní, "Rónkẹ́, má bínú." Mi ò rántí ìgbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn fún ẹnikẹ́ni. Mo tún un sọ, nítorí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi bó ṣe máa ń rí lára ẹni tí wọn kò sọ ọ́ fún. Mo wá ní kí ó sọ fún Ìyá Iyere pé kí wọ́n má tíì padà sóko.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ṣọ́ọ̀ṣì tó bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀wọ̀, mo wẹ̀, mo wọ bùbá àti ṣòkòtò tí mo gbé wá, mo dé fìlà. Mo gbé àga kan ṣoṣo tó wà nínú yàrá mi sí iwájú tábìlì, mo fi fóònù ti agolo mílíìkì. Wọ́n ti tẹ́ ẹní sílẹ̀ nínú pálọ̀ òfìfo náà. Ìyá Iyere jókòó, Rónkẹ́ jókòó, Ìbùkún ti fi ọkọ̀ àárọ̀ dé láti Àkúrẹ́, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àpò ńlá náà wà láàrin wọn. Mo tú ànkáṣíìfù, mo gbé kọ́kọ́rọ́ sí iwájú fóònù.

"Ẹ gbà á, Ìyá."

Ìyá Iyere na ọwọ́ sí ojú fóònù, ó pa àtẹ́lẹwọ́ dé bí ẹni gba nǹkan. Ó ní àwọn ti gbà á.

Rónkẹ́ fa aṣọ àkọ́kọ́ yọ, ó tẹ́ ẹ. Ìyá Iyere ní ọjọ́ ìsìnkú bàbá wọn ló wọ̀ ọ́. Ó fa ìkejì. Ìbùkún ní ọjọ́ ìkómọ òun ni, òun rí i nínú fọ́tò. Ó fa ìkẹta, aláró dúdú tó ní ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ létí. Wọ́n wò ó. Wọ́n wo ara wọn. Kò sí ẹni tó mọ ọjọ́ rẹ̀.

Mo dìde díẹ̀ lórí àga, mo tún jókòó. Mo ní, "Ọjọ́ tí mo gba èsì ìdánwò ìwé mẹ́wàá. Ó wọ̀ ọ́ wá dúró dè mí ní ẹnu géètì ilé-ìwé."

Rónkẹ́ fi ọwọ́ tẹ́ etí aṣọ náà kó lè gún, kí n lè rí i dáadáa.